Iná Tó Gba Ẹ̀yìn Wọlé

Ọjọ́ Sunday la máa ń pa iná àwọn ilé ọ́fíìsì ńlá, torí ọjọ́ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ kì í sí níbẹ̀. Ìyẹn ni ìyàwó mi fi máa ń sọ pé iṣẹ́ mi ni òrìṣà mi. Iṣẹ́ ọ̀hún ò ṣòro láti ṣàlàyé. Iná tó ń ti títì wọ àwọn ilé gogoro Houston sábà máa ń lágbára ju èyí tí ẹ̀rọ inú ilé nílò lọ. Àpọ̀jù yẹn ń di ooru lásán, ó ń tètè ba ẹ̀rọ jẹ́. Àwa la máa ń gbé ẹ̀rọ kan tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù wá sí yàrá iná, a ó so ó sáàárín iná títì àti iná ilé, kó lè máa dín fólítéèjì kù sí ìwọ̀n tó yẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní, "Àwa ń ra stabilizer kí light lè gbé fridge, ẹ̀yin ń ra tiyín kí light má baà pọ̀ jù. Ayé ò dọ́gba o."

Ọkùnrin kan, dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní League City, la jọ ń ṣe é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í kánjú. Òun ló máa ń pa súwíìṣì àgbà, tí yóò fi àgádágodo tì í, tí yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí àpò ara rẹ̀. Èmi ló máa ń ki ọwọ́ bọ inú wáyà. Ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Sunday, mi ò sì ronú kàn án rí, bí èèyàn kì í ti í ronú kan ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ó kọ́ "ọ̀gá" lẹ́nu mi, kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ní ọjọ́ Sunday kan, a lọ ṣiṣẹ́ ní ilé kan tí ìjọ Yorùbá kan háyà gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìjọ náà dáadáa. Ibẹ̀ la ń lọ kí a tó kó lọ sí Missouri City lẹ́bàá Houston. Alákòóso ilé ti kọ̀wé sí gbogbo ayálégbé pé kò ní sí iná lọ́jọ́ náà, àmọ́ ìsìn ìdúpẹ́ bọ́ sí i, wọ́n sì ti pe oníwàásù láti ìlú mìíràn. Oṣù keje ni. Ooru Houston nínú oṣù keje kì í ṣe ohun tí abẹ̀bẹ̀ ń bá jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnìkejì mi pa súwíìṣì àgbà lójú mi, ó tì í pa. Mo fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan gbogbo wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó mí. A pa ọ̀nà iná gbogbo àjà òkè. Ti ìsàlẹ̀ nìkan la ò pa, torí ibẹ̀ la fẹ́ kọ́kọ́ tan nígbà tí a bá parí. A gbé ẹ̀rọ náà sí àyè rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn wáyà tó nípọn mọ́ ọn. Nígbà tó yá, jẹnẹrétọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilé. Ẹnìkejì mi gbé orí sókè.

Ó ní, "Ọ̀gá, kí ló ń dún yẹn?"

Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni.

Ó ní, "Ta ló ni ín? Ṣé kí n lọ wò ó?"

Mo ní kó má ṣèyọnu, àwọn èèyàn mi ni.

Ẹni tó bá dàgbà sí Mushin bíi tèmi, ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ariwo létí rẹ̀. Òun la fi sùn, òun la fi kàwé ìdánwò. Nílé wa, tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò dún, ìgbà yẹn lèèyàn máa ń jáde síta béèrè pé kí ló dé. Ọkùnrin tí kò gbọ́ ọ dàgbà ló mọ̀ pé nǹkan ń dún. Kò pẹ́ tí orin ìjọ fi gbéra, mo mọ orin náà, mo sì ń bá wọn gbè é bí mo ṣe ń dè bóòtù tó di wáyà mú.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n ti ki wáyà olórí méjì bọ ara ògiri. Ẹni tó bá ti gbé Èkó mọ̀ ọ́n: orí kan wà lára jẹnẹrétọ̀, orí kejì wà nínú ihò iná ògiri, gbogbo ilé á sì mọ́lẹ̀. Gbogbo wa la ti ṣe é rí. Àmọ́ nílé, a kì í gbàgbé láti kọ́kọ́ pa súwíìṣì iná ìjọba. Ẹni tó ṣe tọjọ́ yìí rò pé níwọ̀n ìgbà tí iná ò ti sí, kò sí ohun tí òun ń pa. Ni iná bá gba inú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ tí a ò pa, ó gba ẹ̀yìn wá bá ọwọ́ mi.

Ó dì mí mú. Ẹni tí iná bá ti mú rí mọ ohun tí mò ń wí. Ọwọ́ ọ̀hún kì í ṣe tìẹ mọ́, ńṣe ló ń rọ̀ mọ́ ohun tó ń pa ọ́. Mo gbóòórùn ẹran tó ń jóná, mo sì mọ̀ pé èmi ni. Ẹnìkejì mi ò fi ọwọ́ kàn mí. Pákó tí a fi tẹ́ ìdí ẹ̀rọ ló fà yọ, ó sì fi gbá apá mi títí ọwọ́ mi fi já kúrò. Wọ́n ní òun ló ń tẹ àyà mi títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé. Wọ́n tún ní orin ò tíì dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n gbé mi jáde.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi. Wọ́n ní àtàǹpàkò ò ní mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú ò sì tì mí.

Ẹnìkejì mi wá wò mí. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Iléeṣẹ́ wa ti gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìwádìí á fi parí, torí pé nígbà tí ẹnikẹ́ni máa fi dé ẹ̀yìn ilé, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ní òun gbọ́, kò sí wáyà. Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́ ló kù tí wọ́n lè dá lẹ́bi. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ máa lọ, ó sì ní ọmọ tuntun nílé. Kò sọ ìyẹn. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọ̀gá, o rí mi nígbà tí mo pa á, àbí? Mo pa á?"

Mo ní ó pa á. Ó mi orí bí ẹni tó rò pé mò ń tu òun nínú ni. Wọ́n ti bi í léèrè débi pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ọkùnrin tó gbà mí lọ́wọ́ ikú ti ń rò pé òun ló jó ọwọ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè wọ́n, àgbà ìjọ yẹn ni wọ́n. Nígbà tí mo dé Houston tí mi ò mọ ẹnì kankan, pálọ̀ wọn ni mo sùn sí, ọkọ̀ wọn ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lórí freeway. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi òróró kan báńdéèjì mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá rò pé wọ́n dákú ni, ó ti fẹ́ pe dókítà kí ìyàwó mi tó ṣàlàyé fún un pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Wọ́n ní, "Àbúrò, èmi ni. Èmi ni mo plug wáyà olórí méjì yẹn. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà nídìí light, God knows, mi ò mọ̀. Tí o bá dárúkọ mi, landlord á lé ìjọ jáde, police á mú mi, at my age. Ṣáà sọ pé o ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Mo ní, "Ẹnìkejì mi ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn? Ọmọ onílẹ̀ ni. Country wọn ni, wọn ò ní jẹ́ kó ṣubú."

Inú bí mi débi pé àwọn ìka tí kò sí mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ìyàwó mi náà ti kúnlẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pálọ̀ tí wọ́n fún yín. Àgbà ló wà nílẹ̀ yìí o. Ẹ ní kí wọ́n dìde."

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: tí àgbà bá ti dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ẹjọ́ ti tán. Ká ní ìka mi nìkan ni wọ́n ń bẹ̀ fún ni, mi ò bá ti gbé wọn dìde kí ikùn wọn tó kan ilẹ̀. Ìka mi ni mo lè fi jì wọ́n. Ọkùnrin tó fi pákó gbà mí ò rán mi pé kí n bá òun fi tòun jì.

Wọn ò tíì dìde nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń ṣèwádìí fún iléeṣẹ́ wa ló wọlé. Ẹ̀gbọ́n sáré dìde, wọ́n gbọn orúnkún, wọ́n jókòó. Obìnrin náà bi wọ́n pé ta ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ni ẹ̀gbọ́n mi, pé àdúrà làwọn wá gbà, àwọn ò mọ nǹkan kan nípa iná. Wọ́n sọ ọ́ láìwo ojú mi.

Ó tan fóònù rẹ̀ láti gba ohùn wa sílẹ̀. Ó ní àwọn ti fẹ́ parí rẹ̀ sí pé ẹnìkejì mi ò pa súwíìṣì délẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹlòmíràn tó lè ti fi iná sí ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀.

Mo la ẹnu. Orúkọ wọn kọ̀ láti jáde lẹ́nu mi, bí mo ṣe ń bínú tó. Ni mo bá gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè tòun ti báńdéèjì, mo nà án sí wọn. Ìka tí à ń nà sí èèyàn ò sí níbẹ̀ mọ́. Obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé omi ni mò ń tọrọ, ó sì yíjú síbi tí ife wà. Ẹ̀gbọ́n ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń sunkún kí obìnrin náà tó yíjú wò wọ́n.