Ta Ni Kí N Pè Ní Ẹni Tí Ó Kọ́ Mi Níṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé Iléyá ni, ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ wálé ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn. Òwú kan já lórí òfì tí mo ń hun. Ó fa ọ̀pá yọ, ó sì nà mí títí ọ̀pá náà fi kán. Láti ọjọ́ náà títí mo fi pé ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí ó má nà mí. Bàbá mi, tí ó jẹ́ àbúrò rẹ̀, jókòó sídìí òfì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń hun aṣọ tirẹ̀ lọ, kò gbé ojú sókè. Ìyá mi kò sí nílé. Ìjà inú agboolé wa ti lé e padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Adó-Àwáyè.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì méjì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ pé n kò kọ́ ohunkóhun lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kọ́ láti mọ ìró bàtà rẹ̀ láàrin ìró bàtà ogún ènìyàn. Mo kọ́ láti jẹun tán kí ẹlòmíràn tó fọ ọwọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo kọ́ bí a ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́: bí òwú bá já, n óò ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ àwọn yòókù, n óò sì máa hun lọ. Ọgbọ́n ni mo pè é. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn nínú ọkàn mi, bí ọmọdé tí ó fi ọwọ́ bo ojú tí ó ní ènìyàn kò rí òun mọ́.

Ní ọdún kejìlá mi, wọ́n jẹ́ kí n lọ kí ìyá mi. Ó ní kí n bọ́ bùbá kí n wẹ̀, ó sì rí ẹ̀yìn mi. Kò sunkún. Ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà jẹ́ ahunṣọ. Ìyẹn wo ẹ̀yìn mi, ó ní ọmọ ti dé ilé, kí wọ́n wá ẹní fún un. Bí mo ṣe bọ́ nìyẹn.

Abẹ́ igi máńgòrò ni àbúrò ìyá mi àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ti ń hunṣọ, ẹnu wọn kì í sinmi. Wọ́n á ní orí ọ̀kan tóbi débi pé bí ó bá dá fìlà, aṣọ kò ní kù fún oníbàárà. Ìyẹn á ní ó sàn ju orí àwọn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ. Fún oṣù mẹ́ta, n kò rẹ́rìn-ín. Bí àbúrò ìyá mi bá gbé ọwọ́ sókè láti họ orí, èmi á ti bẹ́ sábẹ́ òfì. Ni wọ́n bá sọ mí ní Ìjàpá, nítorí orí mi kì í pẹ́ wọnú ìkarahun.

Aṣọ obìnrin kan ará Ìwéré-Ilé, tí ó fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ni ó tú mi fó. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun aṣọ òfì, kí aránṣọ tó gé e, kí ó sì rán an pọ̀. Òwú tí ó bá já tí a kò so, ipò rẹ̀ yóò ṣófo títí dé òpin. Méjì já, mo sì ki wọ́n mọ́ abẹ́ bí ìṣe mi. Nígbà tí aránṣọ na aṣọ náà sóòrùn, àlàfo là á já bí ọ̀nà oko láàrin koríko. N kò dúró gbọ́ ẹjọ́. Mo sá gun òkè Adó, mo sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta.

Àbúrò ìyá mi gun òkè náà tọ̀ mí wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó.

“Ta ní ń lé ọ?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo jẹ́ kí òwú já.”

“Ìyẹn ti yé mi, ojú mi kò fọ́. Ta ní ń lé ọ, ni mo wí.”

Mo wo ẹ̀yìn, n kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wá sọ fún mi pé aṣọ tí òun kọ́kọ́ hun fún àna òun, àgò adìẹ ni wọ́n fi bò, àwọn adìẹ náà kò sì fẹ́ ẹ. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, èmi fúnra mi kò mọ ibi tí ó ti wá. A rẹ́rìn-ín títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó ṣe òfin kan: ẹni tí òwú bá já mọ́ lọ́wọ́, kí ó kígbe “Ó já o,” kí gbogbo wa sì dáhùn pé “So ó.” Nígbà tí ó kàn mí, ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Síbẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì dá mi lóhùn pa pọ̀. Adùn rẹ̀ pọ̀ débi pé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ń kígbe òwú tí kò já, títí wọ́n fi ní Ìjàpá ti di òpùrọ́. Láàrin ọdún méjì, kò sí ọmọ tí ó lè bá mi du iṣẹ́ híhun ní Adó.

Lónìí, mo ti padà sí Ìsẹ́yìn, mo ti di ọ̀gá. Bí ìyàwó mi bá fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó máa ń kọ́kọ́ fọhùn, nítorí orí mi ṣì ń sá. A jọ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. N kò na ọmọ kankan rí lórí òfì.

Ní oṣù tí ń bọ̀, ẹbí fẹ́ ṣe àpéjọ ọlá fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àṣà wa ni pé gbogbo ẹni tí àgbà bá kọ́ níṣẹ́ yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì sọ sétí gbogbo ènìyàn pé, “Ẹni tí ó kọ́ mi rèé.” Wọ́n ní kí èmi ṣáájú, nítorí iṣẹ́ mi lókìkí. Mo ní n óò dọ̀bálẹ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ gbólóhùn náà, àfi bí ó bá kọ́kọ́ gbà níwájú wọn pé òun ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní mo le lọ́kàn. Mo ní ẹni tó ṣu ní ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn àgbà ẹbí pè wá jọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, “Bí n kò bá nà ọ́, kí ni ìwọ ì bá dà?” Ó ní ẹgba kò pọ̀ tó bí mo ṣe ń sọ. Bàbá mi, tí irun rẹ̀ ti funfun báláú, gbé ojú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, mo wà níbẹ̀. Ọmọ náà kò parọ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè omi àlùwàlá, kò sì tíì gbà pé òun ṣẹ̀ mí títí di òní.

Òtítọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó kọ́kọ́ gbé mi sídìí òfì, àbúrò ìyá mi ni ó jẹ́ kí n lè jókòó síbẹ̀ láìgbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jókòó sí ipò àwọn àgbà ẹbí wa, kí ẹ dá ẹjọ́ náà: ní ọjọ́ àpéjọ, ṣé kí n sọ gbólóhùn náà fún ẹni tí kò tíì sọ tirẹ̀?