Ìdì Kékeré Tí Lambert Gbé Bọ̀ Láti Gánà

Wọ́n ní wọ́n rí Cosme ní ọjà Atakpamé, ó ń ta iyọ̀. Sàfúrátù aláṣọ ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ Dassa, ìlú wa, ní ọdún 1966, nígbà tó ti pé ọdún mẹ́ta tí a sin Cosme ní Gbaffo. Sàfúrátù kì í ṣe òpùrọ́. Ó lè fa aṣọ gùn díẹ̀ nígbà tó bá ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní òun pè é lórúkọ. Ó ní ọkùnrin náà gbójú sókè, ó da aṣọ bo iyọ̀ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn àwọn oníṣu lọ.

“Justine ọmọ mi,” ló wí fún mi, “ènìyàn kì í sá fún orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.”

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó bá kú láìtọ́jọ́. Wọ́n ní ó máa ń lọ tẹ̀dó sí ìlú tí ẹnìkan kò ti mọ̀ ọ́n, á gbéyàwó, á máa tajà, títí ojúlùmọ̀ kan yóò fi ṣèèṣì rí i. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Èmi jẹ́ ọmọ ìjọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń fẹnu ara mi sọ pé mo gba àjíǹde àwọn òkú gbọ́, n kò sì gbọ́ ọ rí nínú ìwé kankan pé Atakpamé ni wọn yóò jíǹde sí. Síbẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi lè ra iyọ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Lambert, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Òun ló bá Cosme ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Gánà, òun nìkan ló sì padà. Nítorí náà, nígbà tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ Sàfúrátù fún un, ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò yà á lẹ́nu.

Àwọn ọmọ mi ti dàgbà báyìí, wọ́n sì ń bi mí pé irú ènìyàn wo ni ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn yìí. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ wo òkúta tí wọ́n fi tẹ́ iwájú ilé ìyá wa, pé bó ṣe rí nìyẹn. Ìdáhùn ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Afọ́kùúta ni. Ní ìlú tí òkè yí ká bíi tiwa, afọ́kùúta kì í tètè ríṣẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó lórí ohun tí Ọlọ́run ti kó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òun àti Cosme ni wọ́n jọ ń fọ́ ọ láti kékeré. Bí Lambert bá lu òòlù tirẹ̀, Cosme á lu tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀kan gíga, ọ̀kan ìsàlẹ̀, débi pé láti ìsàlẹ̀ òkè ni a ti ń mọ̀ bóyá wọ́n jà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Lambert kàwé díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Cosme kò kà á, orin ló kó níbẹ̀. Tó bá dá Kyrie, orin àánú inú ìsìn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá àgbà á máa nu ojú. Wọn kò mọ ohun tó ń sọ, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1962 ni wọ́n gbọ́ pé àwọn olóko kòkó ní Gánà ń wá àwọn tó lè gbẹ́ kànga já inú àpáta. Kò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ tí Cosme gbé Odile níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Odile ní kó jẹ́ kí wọ́n wa iṣu ná. Cosme ní kó gbé ìkòkò iṣu kaná, kó tó jinná, òun á ti dé.

Wọ́n fi ọ̀gbọ̀ rán àpò méjì, wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn: òòlù, irin, gàrí, ìkòkò kan, aṣọ ìbora kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Savalou. Láti ibẹ̀ wọ́n gba inú igbó wọ Tógò, nítorí àwọn aṣọ́bodè. Ní Atakpamé, awakọ̀ kan tó kó iṣu jẹ́ kí wọ́n jókòó lórí ẹrù, wọ́n sì ń bá a já iṣu ní gbogbo ibi tó bá ti dúró, títí wọ́n fi kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn Gánà. Lambert fẹ́ràn láti máa sọ apá yìí, nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá wọ abúlé, òun á lọ sí etí kànga, òun á ju òkúta sí i, òun á tẹ́tí. Cosme á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á lọ dá Kyrie. Nígbà mìíràn kànga ló ń bọ́ wọn, nígbà mìíràn orin, orin ló sì bọ́ wọn jù. Àfi ọjọ́ kan tí Cosme ṣi ilé wọ̀, tó lọ dá a ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Wọ́n tẹ́tí títí ó fi parí, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n sì fi ọ̀nà hàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò tún gbọ́ ìtàn mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1963 ló dé. Ìlú kún fún àwọn tó wá gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà ní Arigbo. Àárín wọn ni Lambert bá wọlé, wọ́n ń kọrin, òun kò kọ. Àpò méjì ló gbé, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Odile wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń bu omi fún àwọn èrò. Ó rí àpò méjì náà, ó rọra gbé igbá omi sílẹ̀. Lambert yọ ìdì kékeré kan, aṣọ funfun, ó fi lé e lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú sílẹ̀ àjèjì tí a kò lè gbé dé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni a ń gé, kí ẹni tí wọ́n jọ rìn gbé e wálé fún ẹbí láti sin. Ẹni tó bá gbé e dé ti ṣe tirẹ̀. A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, a kì í bi í léèrè. Wọ́n sin ín sí àgbàlá bàbá Cosme ní Gbaffo. Ihò náà kò ju èyí tí a fi ń gbin iṣu lọ.

Láti ìgbà náà ni Lambert ti di ẹni tí kò dá wà. Tó bá ń rìn lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gbà, á fi ìdajì ọ̀nà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á bu díẹ̀ sí etí àwo, kò ní jẹ ẹ́. Ìyá wa ní eṣinṣin ló ń bọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan èékánná rẹ̀. Ara òkúta ló ti ń ha á. Mo wá fún ìsinmi láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ma sœur, àwọn obìnrin ẹlẹ́ṣìn ìjọ, ní Porto-Novo, mo bá a lórí òkè tó ń ṣiṣẹ́. Á lu òòlù lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á tún lù ú, á dúró.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “ta lẹ ń dúró dè?”

“Mò ń mí ni.”

“Èémí yìí mà gùn o.”

“Justine, lọ ka ìwé rẹ.”

Mo lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé èmi náà ti ń fi etí retí òòlù kejì. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá Màríà ní Arigbo fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀mí ló ń tẹ̀ lé e, kí wọ́n bá wa mú un. Bó bá jẹ́ ẹ̀rí ọkàn ni, kí wọ́n má pẹ́ jù. Wọn kò dá mi lóhùn lórí èyíkéyìí.

Ní ọdún 1966 yẹn náà ni Ignace, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń tún àga ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ní òun fẹ́ fẹ́ Odile. Odile náà fẹ́ ẹ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kò bímọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa jẹ́ opó ní ilé àna. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Sàfúrátù ti dé ilé ìdáná àlùfáà, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ Dassa ti ń jinná. Àlùfáà, tí a ń pè ní Mon Père, ní irun kì í ṣe òkú. Ó ní kí ẹni tó rí Cosme nígbà tó kú wá kọ ọ́ sílẹ̀, kó búra, kó fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ìgbéyàwó. Bí Odile bá sì kó lọ bá Ignace bẹ́ẹ̀, kò ní gba ara Olúwa mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè fọwọ́ sí i.

A jókòó ní ilé ìyá wa ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwa mẹ́ta: Odile, Lambert, èmi tí wọ́n pè nítorí Faransé mi. Mo kọ ọ́, mo sì kà á fún wọn ní èdè wa: pé èmi Lambert jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run pé mo wà lọ́dọ̀ Cosme nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀, pé ọwọ́ mi ni mo fi gé irun àti èékánná rẹ̀.

Inú Odile ń dùn. “Ọkọ mi,” ló wí, bó ṣe máa ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, “ẹ fọwọ́ sí i, kí n lọ bojú tó ẹ̀wà tí mo gbé kaná. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó kúkú fẹ́ mi, kí lẹ ń bẹ̀rù?”

“Tún un kà,” ni Lambert wí fún mi.

Mo tún un kà.

“Ibi tó o ti ní mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yẹn. Yọ ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá yọ ọ́, orúkọ yín àti ọjọ́ òní nìkan ló kù.”

Odile wò ó. “Ṣé ẹ ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni?”

Lambert ti ìwé náà padà sí mi.

“Ta ló wá gé irun?”

“Èmi.”

“Nígbà wo?”

Ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Abúlé kan ni, lẹ́yìn Kùmásì. Ibà ti mú Cosme fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá àgbà kan fi ilé ìdáná rẹ̀ gbà wọ́n sùn, obìnrin náà sì fi ọwọ́ ṣàlàyé fún Lambert pé kò ní rí òwúrọ̀ ọ̀la. Ọlọ́kọ̀ kan wá ń kó agbẹ́kànga, ó ní ọ̀sán lòun ń lọ, òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ní oṣù kan tí wọn kò rí iṣẹ́.

“Òun ló ní kí n gé e,” ni Lambert wí. “Ó ní tí mo bá lọ láìgé e, ìyá òun ò ní rí nǹkan sin. Mo gé irun. Mo gé èékánná ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo parí, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ òsì sí mi.”

Tàdáwà ti kán sórí ìwé láti ẹnu gègé mi, n kò mọ̀.

“Ẹ padà síbẹ̀?” ni mo bi í.

“Ní ọjọ́ kejìlá. Ilé ìdáná ṣófo. Ìyá náà ti lọ bá ọmọ rẹ̀. Mi ò gbédè wọn. Ẹnìkan nawọ́ sí inú igbó, ẹnìkan nawọ́ sí ojú ọ̀nà.”

“Èwo lẹ gbà?”

“Mo wọ igbó. Mo wá ibojì títí. Mi ò rí i.”

“Ojú ọ̀nà ńkọ́?”

“Ojú ọ̀nà yẹn ni mo gbà wálé.”

Odile rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé. “Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wọ aṣọ dúdú,” ló wí, “fún ọkùnrin tó ṣeé ṣe kí irun rẹ̀ ti hù padà.” Ó fa ìwé náà, ó tì í síwájú Lambert. “Fọwọ́ sí i.”

Mo wò ó, mo wo Lambert. Látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin ni Odile ń pè é, kì í ṣe ìwọ.

“Odile, mi ò rí i kó kú.”

“Tó bá wà láàyè tí kò ránṣẹ́ sí mi fún ọdún mẹ́ta, ó ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Fọwọ́ sí i.”

“Ìbúra èké ni,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Mon Père á fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù.”

“Kí bíṣọ́ọ̀bù tó rí Gánà bá sọ̀rọ̀, ọ̀pá ni n ó máa tì lọ bá Ignace. Má dá sí i, Justine.”

“Tí mo bá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀,” ni Lambert wí, “wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo fi í sílẹ̀.”

“Èmi ń bi ọ́ nísinsìnyí. Kí ló dé?”

“Mo rò pé ó ti kú tán.”

“Ẹni tó ń nawọ́?”

Lambert ní, “Tí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni mo pa á.”

“Tó ò bá fọwọ́ sí i, èmi lò ń pa, níṣojú ara rẹ sì ni.” Odile gba gègé lọ́wọ́ mi, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Lambert, ó sì ń ká ìka rẹ̀ lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Lambert ń wo ọwọ́ obìnrin náà lórí ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, n kò sì mọ èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kó kọ ọ́ ni àbí kó má kọ ọ́.

Ó dìde. Odile náà dìde.

“Jókòó. A ò tíì parí. O gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi, o sọ fún mi pé ó kú, mo gbà. O gbé irun fún mi, mo sin ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ ọ́ fún láyé mi. Lambert, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwọ lo ní kí ó bá ọ lọ…”

Lambert ti kọjá ẹnu ọ̀nà, tòun ti gègé lọ́wọ́, kò fọwọ́ sí ìwé náà.