Àrọ Tí Bàbá Mi Ń Fun

Òórùn òjé tó ń yọ́ lórí èédú ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó máa ń ta ni nímú, ó sì máa ń korò lọ́nà ọ̀fun. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi, ilé wa tó wà nítòsí ojú irin ní Ọ̀fà ló ń wá sí mi lọ́kàn. Bàbá mi á ti kírun àsùbáà, wọ́n á ti fẹ́ iná, wọ́n á sì ti jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn páànù wọn. Agolo mílíìkì àti garawa òróró ni wọ́n fi ń ṣe àtùpà, àrọ tí a fi ń rọ kẹrosíìnì sínú ìgò, àti kóńgò tí àwọn ìyá fi ń wọn gàárì.

Bí irin tí wọ́n fi ń lẹ páànù bá ń gbóná lọ́wọ́, wọn kì í jókòó lásán. Wọ́n á fa ọ̀pá rọ́bà gígùn kan jáde, èyí tí wọ́n ti ki àrọ bọ̀ lẹ́nu, wọ́n á gbé ẹnu kejì sí ètè, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí fun ún. Ohùn rẹ̀ máa ń há bí ohùn pẹ́pẹ́yẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá yá, á rọ̀, á wá máa yọ́ lọ bí òjé tó wà lórí iná. Orin jáàsì ni. Jáàsì àtijọ́, irú èyí tí àwọn èèyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà lù kí a tó bí àwọn bàbá wa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà nídìí fújì àti wákà lè máa bèèrè ibi tí oníṣẹ́ páànù ti rí jáàsì l'Ọ́fà. Bàbá àgbà tó bí bàbá mi ló gbé e wọlé. Kúùkù ni wọ́n ní ilé fàájì àwọn òyìnbó rélùwéè. Nígbà tí àwọn òyìnbó náà ń lọ, wọ́n fi gíramafóònù kan àti àwo orin díẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá mi ní ọmọdé ni àwọn nígbà yẹn, àwọn á sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́. Ìgbà tó yá, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà jẹ tán, wọn ò sì rí òmíràn rà. Orin dákẹ́ sínú àwo. Bàbá sọ fún mi nígbà kan pé ohun tó dun àwọn ni pé orin náà ṣì ń lọ nínú orí àwọn, kò sì sí ẹni tí àwọn lè jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú àrọ.

Wọ́n rí ẹni méjì tó gbọ́ ọ. Èkíní ni Alhaji Télọ̀, tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Ìjàgbó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Alhaji á ki ìka bọ irin kéékèèké tí télọ̀ fi ń dáàbò bo ọwọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, wọ́n á gbé ègé páànù ìbolé sáyà, wọ́n á sì máa fi ìka ha ibi tó ga àti ibi tó jìn lára rẹ̀ lọ sókè sódò, ṣàkàṣàkà, ṣàkàṣàkà. Èkejì ni Bàbá Gàníyù tó ń lẹ táyà. Tiwọn ni bàsíà ńlá kan tó ti jò, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n so wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì fà á mọ́ orí igi ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá fa igi náà sẹ́yìn, ohùn á lọ sókè. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ikùn ẹni.

Màmá mi kì í bá wọn dá sí i. Wọ́n á kàn gbé ẹ̀bà fún wọn, wọ́n á ní, "Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni," wọ́n á padà sídìí iṣẹ́ wọn. Èmi náà ní tèmi. Bàbá ti kọ́ mi bí a ṣe ń fi láílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìyarí, tí a ó gbé e sí ètè, tí a ó sì máa kùn sí i lára. Mo mọ gbogbo orin wọn, àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń ṣe é, níbi tí ojú ò ti tó mi. Ìyá mi á gbọ́ mi níbẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹni bí ni là ń jọ." Mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé ní ilé ìwé, ọmọ alágolo ni wọ́n ń pè mí. Ojú ń tì mí láti na ọwọ́ sókè ní kíláàsì, ká tó wá sọ pé kí n fèsì fún ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó gbé mi sókè ni pé mo ga. Nígbà tí ìdíje eré ìdárayá ilé ìwé wa ń bọ̀, tíṣà wa ní kí n máa gbé àsíá ẹgbẹ́ wa, ilé aláwọ̀ ewé, níwájú nígbà tí a bá ń yan. Inú mi dùn débi pé mo ń fi igi ìgbálẹ̀ yan kiri àgbàlá lálẹ́.

Bó ṣe ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé, ìlù ńlá tí ilé ìwé fi ń yan ya. Tíṣà kan gbé e wá fún Bàbá bóyá wọ́n lè tún un ṣe. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní awọ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Wọ́n wá ní kí ọ̀gá ilé ìwé má ṣèyọnu, àwọn àti ọ̀rẹ́ àwọn á wá lù fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìyarí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Wọ́n dé ní ọjọ́ náà nínú aṣọ Iléyá wọn. Wọ́n gbé bàsíà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì tí àwọn àlejò pàtàkì jókòó sí, Bàbá sì gbé àrọ tuntun tí wọ́n ti fi iyanrìn bó títí ó fi ń dán sókè. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn mi bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ràfíátù, ṣé kẹrosíìnì ni bàbá ẹ fẹ́ rọ sí wa létí ni?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ì bá tilẹ̀ mọ síbẹ̀. Ohun tí Bàbá ò rò ni pé orin jáàsì kì í sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jókòó tó tún ń wo ẹ̀yìn. Tíṣà ń pariwo òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, àmọ́ bí ẹsẹ̀ òsì wa bá ti balẹ̀, orin ò ì tíì dé. Bí a bá dúró dè é, ó ti kọjá. Ẹni tó wà lẹ́yìn tẹ gìgísẹ̀ ẹni iwájú. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ò tiẹ̀ ráyè yan, ijó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìlà tú ká. Àwọn àlejò di ikùn mú fún ẹ̀rín lábẹ́ kánópì, àwọn tó ń ta omi sáré wá sídìí ọgbà. Bàbá rí ijó, wọ́n rò pé orin àwọn ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n bá da ojú kọ ọ̀run, wọ́n túbọ̀ ń fun ún.

Nígbà tí àwa tó ṣẹ́kù nínú ìlà dé iwájú wọn, Bàbá rí mi. Wọ́n kọ ẹnu àrọ náà sí mi tààrà. Gbogbo pápá ló yíjú sí mi láti wo ẹni tí wọ́n ń fun orin fún. Mo fa aṣọ àsíá náà wálẹ̀ láti orí igi, mo fi bo ojú mi, mo sì dúró síbẹ̀ títí orin fi tán.

Bàbá wá bá mi lẹ́yìn ìgbà náà, òógùn ti bò wọ́n. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo àsíá náà. Wọ́n ní, "Oòrùn ń pa ọ́, àbí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ọjà Owódé tún ná, wọ́n ra akẹtẹ̀ kékeré kan bọ̀ fún mi, wọ́n sì ń sọ fún ẹni tó bá bèèrè pé ọmọ àwọn ò lè gba oòrùn sára.

Ike ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ páànù. Àrọ di ti ike, kóńgò di ti ike, iná sólà sì pa àtùpà. Ìwé mi ò jìnnà kí n tó dúró. Mo lọ kọ́ irun dídì, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn ni mo ń kọjú sí, kì í ṣe ojú wọn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Pólì báyìí. Akẹtẹ̀ náà ń bẹ lára ògiri nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń di irun fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń wo fídíò lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ọwọ́ mi dúró nínú irun. Àwọn bàbá arúgbó kan láti òkè òkun ló wà nínú fídíò náà, wọ́n dé fìlà, ọ̀kan ń fa wáyà lórí bàsíà, ọ̀kan ń ha páànù, ẹ̀kẹta ń fun rọ́bà tó ní àrọ lẹ́nu. Orin tí Bàbá fun sí mi lójú ní pápá ni. Àwọn ọmọ náà ń tún un wò, wọ́n ń jó lórí ìjókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ wo ọpọlọ, Àǹtí. Àrọ lásán! Àwọn èèyàn tiwa níbí ò lè ronú kan irú eléyìí láé."

Ó kọjú sí mi, ó ń retí kí n sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, kò wúwo, kò gùn. Mo mú ìyarí, mo fi eyín há a, bí ẹni pé òun ni ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀, mo sì ń di irun lọ.

Nígbà tí mo délé, Bàbá jókòó lórí ẹní, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ré èékánná. Eyín iwájú wọn ti yọ, wọn ò lè fun àrọ mọ́. Mo sọ fún wọn pé mo gbọ́ orin wọn lórí fóònù, pé àwọn ọmọ Pólì ń jó sí i. Ojú wọn tàn bí àwo. Wọ́n ní èwo ni? Mo kùn ún fún wọn, wọ́n sì ń fi ìka lu ilẹ̀ tẹ̀ lé mi, díẹ̀ lẹ́yìn, bó ṣe yẹ. Wọ́n wá bi mí pé, "O sọ fún wọn pé bàbá ẹ náà ń fun ún?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà tí mo ti bọ́ tẹ́lẹ̀.

Wọn ò bínú. Wọ́n gbójú sókè wo akẹtẹ̀ tó wà lára ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Oòrùn náà ni, àbí?"

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé kì í ṣe oòrùn, kí wọ́n tó lọ ra akẹtẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn àsíá rò pé òun ti bo ojú òun. Mo ti dàgbà jù ú lọ, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn ń pè mí ní Àǹtí. Mo wà níwájú bàbá mi, mi ò rí aṣọ kankan fà wálẹ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.