Ọkọ̀ tí Aníwúrà Yàn fún Lucy

Ọkọ̀ méjì ti kún, wọ́n sì ti lọ, kí oòrùn tó mú ní gáréèjì Òkìtìpupa lọ́jọ́ Ajé yẹn, ní oṣù kìíní ọdún 1964. Lucy jókòó lé àpótí irin rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Oǹdó ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé.

"Ìyá mi, bí ẹ bá ń wo ọkọ̀ báyìí, ẹsẹ̀ la máa fi dé Oǹdó."

Aníwúrà, ìyá rẹ̀, ṣì ń wo ọkọ̀. Epo pupa ló ń ṣe ní Ìkọ̀yà, epo náà ló sì fi rán Lucy níwèé látìgbà tí Dúrósinmí, bàbá ọmọ náà, ti kú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé Dúrósinmí jábọ́ sódò, níbi afárá onípákó kan lójú ọ̀nà Oǹdó yìí kan náà. Wọ́n ní bíréèkì ò mú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tí Aníwúrà rí tí kì í fẹ́ mọ irú ẹni tó ń wà á.

Ó yí bọ́lẹ̀kájà tuntun kan tí wọ́n kùn ní pupa ká. Ó fọwọ́ kan táyà. Ó wá dúró, ó ń wo Benedict tó ń wà á láti orí dé ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ ti wò mí pẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ mi ni?"

"Bí mo bá máa fẹ́ ẹ, mo máa kọ́kọ́ bi ọ́ bóo ṣe sùn lánàá. Ojú rẹ pọ́n."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Benedict náà rẹ́rìn-ín, ó sì yán. Yíyán yẹn ló lé Aníwúrà kúrò níbẹ̀.

Ọkọ̀ tó kù ti gbó. Awakọ̀ rẹ̀, Ajíbóyè, ti hewú. Kó tó gòkè, ó bọ́ bàtà, ó gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ti bàtà náà sábẹ́ ìjókòó. Inú Aníwúrà dùn. Ìjọ Aládùúrà lòun alára ń lọ. Bí wọ́n bá ti wọ aṣọ funfun, wọn kì í wọ bàtà. Ó ní ará ìjọ lòun rí yìí.

"Bàbá, ìjọ wo lẹ̀ ń lọ?"

"Ìjọ kẹ̀? Ọmọ tí mo bá wọn sọ lórúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn ti ń tọ́mọ báyìí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ bọ́ bàtà?"

"Bí mo bá wọ̀ ọ́, mi ò ní mọ ohun tí bíréèkì ń ṣe. Tó bá ti ń dẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló ń kọ́kọ́ sọ fún mi."

Aníwúrà wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Nínú kòtò tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn bíbọ̀ ní Ìkọ̀yà, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń sọ ibi tí ẹyìn kò tíì bọ́ kúrò lára èkùrọ́. Kò mọ̀ rí pé awakọ̀ pẹ̀lú ń fẹsẹ̀ gbọ́ nǹkan.

"Lucy, gbé àpótí rẹ wá. Bàbá, iwájú lèmi náà máa jókòó. Tí a bá kọjá afárá, màá bọ́ sílẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ wò."

Lucy fọwọ́ bojú.

Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ sí afárá, àwọn èrò ń tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn; Aníwúrà tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ Ajíbóyè ká mọ́ irin bíréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dẹ ẹsẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń wá èkùrọ́ nínú ẹyìn. Ọkọ̀ náà rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Pákó ń dún lábẹ́ wọn. Wọ́n ti gòkè lódìkejì kí Aníwúrà tó rántí pé òun kò wo odò náà.

"Ó tó, bàbá."

Ajíbóyè dúró. "Ẹ ti rí ẹsẹ̀ mi?"

"Mo ti rí i. Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ mi dé Oǹdó, ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín."

Lucy ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì ń juwọ́ títí eruku fi bo ọkọ̀ náà. Aníwúrà bọ́ bàtà tirẹ̀ sọ́wọ́, ó kọjú sí afárá. Ó fẹ́ mọ bí pákó rẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀.