Okùn Ara Ìgò Azeezat

Ohun tí wọ́n ń sọ létí ọ̀sà l'Ajah ni pé ẹja kúta tí Azeezat Dúrójayé fà jáde wọn ogún kílò. Òṣùwọ̀n ní mẹ́sàn-án ni. Mẹ́sàn-án náà tó láti yí òfin padà.

Azeezat ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ tọ́jú fáìlì, Jakande ní Ilasan ló sì ń gbé. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwọ̀ jíjù ní Lákọwé, kí ilé tó kún etí omi ibẹ̀. Kò ní ọ̀pá. Ara ìgò ike ló ń wé okùn rẹ̀ mọ́. Ìka ọwọ́ ló fi ń mọ ohun tí ẹja ń ṣe nísàlẹ̀.

Ẹgbẹ́ apẹja tó ni jẹ́tì Ajah, afárá tó wọ inú ọ̀sà níbi tó ti ń ju ìwọ̀, kò fẹ́ rí ìgò. Clement, alága wọn, ti fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó pé láti Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ní ọ̀pá kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ Sátidé nìkan ni Azeezat ní fún ara rẹ̀.

"Àǹtí, ìgò mínírà lẹ tún gbé wá?" Bọ̀sún, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀sún, ọ̀pá tìẹ ńkọ́? Kí ló ti mú láti àárọ̀? Atẹ́gùn?"

Kó tó fèsì, ọ̀pá Clement tẹ̀ kọdọrọ. Kúta! Ẹja náà forí lé ibú, okùn le bí irin.

"Ẹ fún un!" Azeezat kígbe. "Ọ̀gá Clement, ẹ fún un!"

Ohun tó ń sọ ni pé kó fún ẹja lókùn, kó jẹ́ kó sá títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ fífún tí a ń fún aṣọ tó tutù ni Clement gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ tó ń tú okùn lára ọ̀pá mú, ó fún un pinpin. Pá! Okùn já.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n fún un!"

"Mo ní kẹ́ ẹ fún un lókùn! Ta ló ní kẹ́ ẹ fún un lọ́rùn?"

Gbogbo jẹ́tì bú sẹ́rìn-ín, àfi Clement.

Azeezat so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìwọ̀ tirẹ̀ nítorí eyín kúta, ó fi odindi ẹja ṣawá ṣe ìjẹ, ó jù ú. Kò pẹ́ tí okùn fi fà. Ó dojú ẹnu ìgò kọ omi, okùn ń tú jáde fìrì-fìrì.

"Máa lọ," ó ń sọ fún ẹja náà. "Máa lọ, mi ò kánjú."

Bó bá sá, ó fún un. Bó bá dúró, ó fà á. Nígbà kan, okùn tó kù lára ìgò kò ju èyí tó lè wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Bọ̀sún la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kúta náà fi ikùn funfun hàn, Clement fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tó fi àwọ̀n gbé e.

Clement rìn lọ sídìí pátákó, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu òfin náà kúrò.

"Àǹtí, ẹ bá mi mú ìgò kan dání ní Sátidé."

"Ìgò kọ́ ni ìṣòro yín, Ọ̀gá. Etí ni."

Ó gbé kúta rẹ̀ kọ́ èjìká, ó la àárín wọn kọjá.