Ọjọ́ Tí A Ṣẹ́ Kèké Lórí Ìbò Tó Ti Parí

Ọdún kẹsàn-án rèé láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kọ̀ láti lọ sóko. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni, kété lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ kórè kòkó tán, tí eruku ọ̀nà Omifunfun bo gbogbo ewé ẹ̀gẹ́. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ tún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé dìde wá bá mi nílé. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀ fún wọn, nítorí wọ́n gbọ́ pé mo wà lára àwọn tó jà. Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí mo dúró sí ni wọn kò mọ̀.

Olùkọ́ ìtàn Ísírẹ́lì àtijọ́ ni mí. Mi ò tètè kàwé. Gáréèjì Ore ni mo ti ń gbé ẹrù sórí bọ́ọ̀sì títí mo fi lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí n tó jókòó ṣe ìdánwò tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ṣe ní kékeré. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ aládùúrà kan láàárín Ore àti Odigbo ló gbà mí síṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ di pásítọ̀ àti olùkọ́ Bíbélì ló ń kàwé níbẹ̀.

Kò rọrùn láti kọ́ wọn ní ìtàn. Bí mo bá ní ọba kan kú, ẹnìkan á ní, "Àmín!" Bí mo bá ní àwọn Filístínì mọ irin rọ ju Ísírẹ́lì lọ, ẹlòmíràn á ní, "A ò gbà, lórúkọ Jésù!" Mo máa ń rán wọn létí pé ìwàásù kọ́ là ń ṣe, pé ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìgbà tó kọ ọ́, àti ohun tí ẹni náà ń fẹ́. Màá ya ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà méjìlá sójú pátákó. Màá ní kí wọ́n ka ibi tí àwọn ẹ̀yà ti ń pàdé sí Ore, níbi tí ará Benin àti ará Èkó ti ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì kan náà láì mọ orúkọ ara wọn.

Inú kíláàsì yẹn ni Morẹ́nikẹ́ wà. Ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ láti Ago Alaye ni, ó dàgbà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, iwájú ló sì máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, mò ń kọ́ wọn bí Ísírẹ́lì ṣe yan ọba àkọ́kọ́. Mo ní ó jọ pé ìtàn méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀: ọ̀kan rí ọba bí ẹ̀bùn, èkejì ń kìlọ̀ pé ọba yóò kó ọmọ wọn lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ara rẹ̀. Mo ní kèké ni wọ́n ṣẹ́ tó fi mú Sọ́ọ̀lù. Morẹ́nikẹ́ na ọwọ́.

"Sà, ta ló ṣe kèké ọ̀hún?"

"Ìwé ò sọ."

"Ẹni tó bá ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ ni ọba wà nìyẹn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Sister, ṣé Ọlọ́run lẹ fẹ́ dán wò?"

"Mi ò dán Ọlọ́run wò. Èèyàn ni mò ń béèrè."

Mo sọ fún wọn pé ìbéèrè òpìtàn nìyẹn. Inú mi dùn títí mo fi délé lọ́jọ́ náà.

Nígbà yẹn, a kì í kọ́ ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Oko ọ̀pẹ ìjọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ro ìdí ọ̀pẹ, wọ́n á ru ẹyìn jáde sójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá lọ kò ní ṣe ìdánwò. Nígbà tí ìbò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dé, ìlérí kan ṣoṣo ni Morẹ́nikẹ́ ṣe: Ọjọ́bọ̀ yóò padà di ọjọ́ ẹ̀kọ́. Tìmótì ló bá a du ipò náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni; olórí yìí ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àpọ́sítélì.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó ìbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ lórí pápá. Ìlà Tìmótì kò kọjá òpó bọ́ọ̀lù. Ti Morẹ́nikẹ́ yí pápá ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé ìdáná.

Ẹnìkan ké sí mi pé, "Sà, ẹ má wulẹ̀ kà á, ẹ ṣáà wò ó!"

Mo kà á síbẹ̀. Mi ò tíì kéde rẹ̀ nígbà tí Bàbá ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì.

"Tíṣà, jókòó. Ìbò èèyàn nìyẹn. Báwo ni ìjọ wa ṣe ń yan olórí akọrin?"

"Kèké ni, sà."

"Ẹni tó ń gbé àgbélébùú ńkọ́?"

"Kèké ni, sà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nínú ìjọ wa. A ó kọ orúkọ sínú ìwé pélébé, a ó ká a, a ó jù ú sínú fìlà funfun. Lẹ́yìn àdúrà, ẹnìkan á kì ọwọ́ bọ̀ ọ́. Orúkọ tó bá mú jáde, ẹnikẹ́ni kì í jiyàn sí i.

"Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ wọn pé kèké ló mú Sọ́ọ̀lù," ni Bàbá wí. Ó ti ìwé pélébé méjì sí iwájú mi. "Ìkọ̀wé rẹ dára. Kọ ọ́."

Mo kọ Tìmótì sí àkọ́kọ́. Bí mo ṣe fẹ́ kọ ìkejì, ó fi ìka lé ìwé náà.

"Tìmótì ni kó o kọ síbẹ̀ náà."

"Bàbá, wọ́n ti dìbò tán."

"Tíṣà. Nígbà tí ìyàwó rẹ kú, ta ló gbẹ́ ilẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló dúró tì ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ìyàwó mi kò tíì lo oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀ nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbẹ́ sàréè náà nínú oòrùn, Morẹ́nikẹ́ ló sì ń pọn omi fún wọn. Bàbá pàṣẹ ni. Mi ò rántí ìyàtọ̀ yẹn nínú ọ́fíìsì. Mo kọ ọ́. Kò pẹ́ rárá, ẹnikẹ́ni kò sì na pàṣán sí mi.

A pé sínú gbọ̀ngàn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé fìlà fún mi. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé mo ń fi ọwọ́ wá inú fìlà náà kiri, bí ẹni pé mò ń yàn. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e sókè kí wọ́n rí i, mo sì kà á.

Morẹ́nikẹ́ dìde. "Sà, ẹ ṣí ìkejì."

"Jókòó, ọmọbìnrin," ni Bàbá wí. "Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo kàn fẹ́ rí orúkọ mi ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Ẹ ṣí i! Ẹ ṣí i!" Mo fi fìlà náà sí abíyá, mo sì gba ẹnu ọ̀nà àwọn pásítọ̀ jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn kò lọ sóko. Wọ́n jókòó sí kíláàsì, wọ́n ṣí ìwé wọn, kò sì sí olùkọ́ kankan tó wọlé, èmi náà kò wọlé. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, wọ́n já imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé oríta Ore. Àwọn ọlọ́kadà ń rọra kọjá láti wò wọ́n.

Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì béèrè pé, "Kí ló dé, ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run?"

"A fẹ́ kàwé ni, mà!"

"Ìyẹn náà wá dìjà?"

Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo wà. Morẹ́nikẹ́ rí mi, ó sì yà kúrò lára wọn wá bá mi.

"Sà, gbólóhùn kan péré. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ìwé kejì."

"Mo ti sun ún."

"Mi ò ní kí ẹ mú un wá. Mo ní kí ẹ sọ ọ́."

Mo ní wọ́n ń dúró dè mí níbìkan. Mo kọjú sí ọ̀nà Odigbo, mo ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí.

Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bi mí bóyá ohunkóhun wọ́ nínú kèké tí a ṣẹ́. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n lé Morẹ́nikẹ́ nígbà tó ku táàmù kan péré kó jáde.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jèrè nǹkan kan. Lọ́dún yẹn, iṣẹ́ oko di ti àárọ̀ nìkan. Lọ́dún kejì, àwọn òbí wá láti Omifunfun àti Ago Alaye, wọn kò jókòó, wọn kò sì mu omi, títí Bàbá fi gbà pé kó dópin. Àwọn tó ń gba ẹ̀kọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀ lónìí kò mọ ẹni tó gbà á fún wọn. Ó wù mí pé kí wọ́n mọ̀, síbẹ̀ mo ti ń kọ́ wọn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mi ò sì sọ.

Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ wá, mo gba Ago Alaye lọ. Morẹ́nikẹ́ ń yan gàrí níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kí n tó lè dá a dúró.

Mo ní, "Orúkọ Tìmótì ni mo kọ sí méjèèjì."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń da ọ̀rọ̀ yín kọ láti ojú pátákó, ṣé mi ò ní mọ ìkọ̀wé yín ni? Bí ẹ sì ṣe sáré jáde ló sọ èyí tó kù."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ro gàrí náà díẹ̀ kó tó dáhùn. "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má bẹ̀ mí níbi tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́, sà. Gbangba lẹ ti parọ́."

Ó di gàrí sínú ọ̀rá fún mi. Mo gbà á, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí n kọ èyí, ẹ má kà mí mọ́ àwọn tó jà. Ìwé ẹ̀rí tí Morẹ́nikẹ́ pàdánù kò sí lọ́wọ́ mi láti dá padà. Ohun kan ló wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni alábòójútó ìbò náà, mo ka ìlà méjèèjì lórí pápá, mi ò sì kéde èsì rẹ̀ títí dòní. Mo ń kéde rẹ̀ báyìí: Morẹ́nikẹ́ ti Ago Alaye ló wọlé.