Tàdáà Nínú Pẹ́ẹ̀nì Bàbá Mi

Bàbá mi kórìíra bírò. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Igbó-Ọrà, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó ń fi bírò kọ̀wé, oko ló ń ro lórí ìwé. Pẹ́ẹ̀nì tiwọn dúdú, ó ní irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá gbé irin náà sókè tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ padà, rọ́bà inú rẹ̀ á fa íǹkì mu. Pẹ́ẹ̀nì ọ̀hún jù mí lọ lọ́jọ́ orí, bàbá mi sì ń kẹ́ ẹ jù mí lọ. Mo jowú rẹ̀ títí mo fi dàgbà.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ó mú ẹsẹ̀, ó mú ahọ́n. Bàbá mi tó ń fi ẹnu parí ìjà gbogbo àdúgbò wá di ẹni tó ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà kò lágbára tó lè tẹ bírò kó yọ. Ṣùgbọ́n pẹ́ẹ̀nì yẹn, kó ṣáà ti fara kan ìwé, íǹkì ti ń jáde. “Omi.” “Ẹ ṣí fèrèsé.” “Ẹ yí mi padà.” Bí wọ́n ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Èrúwà ni mo ti ń ṣe tíṣà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń wálé. Ní ọ̀sẹ̀ kan, íǹkì tán nígbà tí mi ò sí nílé. Láràárọ̀ ni bàbá mi ń mu hàǹtú: àfáà á fi tàdáà kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, aláìsàn á gbé e mu. Ìyá mi, tí kò mọ̀wé, rò ó dáadáa. Tàdáà tó ń wọ inú èèyàn lọ ṣe ìwòsàn, ṣé pẹ́ẹ̀nì ló máa wá bà jẹ́? Bóyá ó tiẹ̀ máa la ahọ́n ọkọ òun. Wọ́n tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ àfáà, wọ́n rọ ọ́ sínú pẹ́ẹ̀nì. Ó kọ lọ́jọ́ náà, inú wọn dùn dé ìdí ọkàn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti dí pátápátá, nítorí oje igi ni wọ́n fi ń po tàdáà kó lè lẹ̀ mọ́ pákó wàláà. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni ìyá mi ìbá bi?

Bí mo ṣe wọlé, bàbá mi na pẹ́ẹ̀nì sí mi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbá àyà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ omi tàbí fèrèsé. Omijé ń dà lójú wọn. Mo fún wọn ní pẹ́ẹ̀nì tèmi, ó ń ha ìwé, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Gègé àfáà ńkọ́? Kí wọ́n tó gbé e kúrò nínú ìgò, ọwọ́ wọn ti gbọn tàdáà dànù.

Mo rẹ pẹ́ẹ̀nì náà sínú omi. Omi dúdú, mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún dúdú. Gbogbo àdúgbò di oníṣẹ́ pẹ́ẹ̀nì lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan ní ká fi omi gbígbóná sè é, òmíràn gbé kẹrosíìnì wá, mo sì lé e jáde tòun ti ìgò rẹ̀. Bó bá jẹ́ íǹkì lásán ló gbẹ, omi tútù àti sùúrù tó o. Ṣùgbọ́n bí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti le gan-an tí kò ṣeé gbé mọ́, ẹ má fi agídí ṣí i. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun.

Tiwa ti le bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn ni mo gbé e lọ. Ọkùnrin tó ń tún pẹ́ẹ̀nì ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Àǹtí, ta ló rọ oje sínú eléyìí?”

“Ìyá mi ni.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó máa kọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, mo máa pààrọ̀ rẹ̀, ohun tí mo bá sì fi lẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ padà wá ní Túsìdeè.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ń dúró dè é.”

“Bí mo bá kánjú, ó máa jò sí wọn lọ́wọ́.”

Ní Túsìdeè náà, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ gbà á. Mo dán an wò níwájú rẹ̀, ó ń yọ̀ lórí ìwé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú mọ́tò, ẹ̀rín ni mò ń rín bíi wèrè. Mo ti ń rò ó pé n óò gbé bàbá mi jókòó, n óò ti ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn, n óò di ìwé mú fún wọn.

Àwọn èèyàn ló jókòó níta ilé wa. Bàbá mi ti kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, wọ́n ti sin bàbá mi kí oòrùn tó kanrí. Wọ́n rán ẹni sí mi l'Érúwà, wọn ò bá mi. Mi ò rí ojú bàbá mi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun, ó ṣì ń dùn mí.

Ìyá mi wà ní yàrá, wọ́n ti wọ tákàbá, ọ̀fọ̀ tí opó ń ṣe. Mo fẹ́ fi pẹ́ẹ̀nì náà pamọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló bèèrè.

“Ṣé wọ́n tún un ṣe?”

Mo mú un jáde. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi fa ìlà kan sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Íǹkì yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tutù, ó mọ́ lójú. Wọ́n wò ó títí.

“Ó mà ń kọ,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá gbójú sókè sí mi. “Ìwọ tó o mọ̀wé, kí ni bàbá rẹ fẹ́ sọ fún wa?”

“Mi ò mọ̀, Màámi.”